Bàtà Funfun Lẹ́bàá Ẹ̀rọ Ijó

Ìró ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ẹ̀rọ náà. Gbì, gbì, gbì-gbì, gbì: bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fún un. Èmi àti ọmọ mi Àíṣà lọ ra àpò ilé ìwé ní ilé ìtajà kan ní Biétry, ní Abidjan, lọ́sàn-án Sátidé kan ni. Bí a ti ń gun àtẹ̀gùn ilé ìtajà náà ni ìró yẹn ń ti òkè bọ̀, orúnkún mi sì dá a mọ̀ kí orí mi tó dá a mọ̀. Nígbà tí a dókè, òun náà nìyẹn: pátákó irin pẹlẹbẹ nílẹ̀, ọfà mẹ́rin lórí rẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá níwájú tí àwọn ọfà mìíràn ń gòkè lórí rẹ̀ bí èéfín, àti ọmọkùnrin kan tó ń tẹ ọfà ilẹ̀ bí tòkè ti ń pàṣẹ fún un, tó ń làágùn bí alágbàṣe.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọdé tó ń ka èyí ti mọ ohun tí àgbàlagbà máa ń sọ bó bá fẹ́ ròyìn ìgbà èwe rẹ̀. Òṣùpá yóò lé, wọn yóò jókòó sídìí igi, ìyá àgbà yóò sì pàlọ́. Mo ti ka irú rẹ̀ púpọ̀ láti ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà ní Adjamé, níbi tó jẹ́ pé bí òṣùpá bá tilẹ̀ lé, a óò kọ́kọ́ rò pé iná ilé epo ni. Tèmi kò ní òṣùpá. Tẹlifíṣọ̀n ló ní, èyí tí àwòrán rẹ̀ máa ń wọ́ sápá òsì, àti ẹní kan tó ní ọfà mẹ́rin. Ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Bàbá wa ń ta ẹní ìkírun ní ọjà Roxy, ní Adjamé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni baba rẹ̀ ti wá, orí ìsọ̀ kan náà sì ni òun dàgbà sí. Àwọn onílẹ̀ ń pè wá ní Ànàgó, wọ́n sì máa ń sọ pé Ànàgó lè ta òjìji ara rẹ̀, kó tún fi ọkàn oníbàárà balẹ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ kò ní ṣí. Nílé wa, òfin kan ju gbogbo òfin lọ: ọmọ ẹlẹ́ní kì í fi bàtà tẹ ẹní. Kì í ṣe ẹní ìkírun nìkan o. Ẹní tí wọ́n fi ń sá ata, ẹní tó ti ya tí wọ́n jù sẹ́nu ọ̀nà, ohunkóhun tó bá ṣáà tẹ́ pẹrẹsẹ tí ènìyàn yóò dúró lé. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ wa ti kọ́ èyí, bí ọwọ́ ti í kọ́ ọ̀nà ẹnu. Oníbàárà tó bá gbàgbé láti bọ́ bàtà níwájú ìsọ̀, Bàbá kò ní bá a wí; yóò kàn máa wo bàtà náà títí ara onítọ̀hún yóò fi kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tó ju òfin lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni "ilé". Ní àgbàlá wa, ilé kì í ṣe ibi tí a ń sùn. Ilé ni Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwa ọmọ kò tíì fojú rí. Bí ọmọ kan bá ń dán ohun tí kò dára wò, wọn a ní ó ń bàjẹ́, ọmọ tó bá sì ń bàjẹ́, ilé ni wọ́n ń rán an lọ, bí ìgbà tí ènìyàn rán aṣọ lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ṣé wọn kì í bàjẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn mìíràn padà dé, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn, wọn kò sì mọ àlàyé ìṣirò lédè Faransé mọ́. Àwọn mìíràn kò padà.

Ẹ̀gbọ́n mi Sílífà bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ju pàṣán lọ. Ó wà ní troisième, ọdún tí wọ́n ń ṣe ìdánwò tí yóò gbé ọmọ wọ lycée, ilé ìwé girama àgbà. Agbẹ̀bí ló fẹ́ dà. Ó ti yan lycée tí yóò lọ, ó sì máa ń mú mi gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kọjá bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ jìn ju èyí tó yẹ ká gbà lọ.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló mú ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ wọlé. Ó tú ìdì ẹní tuntun kan, ó sì rí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí kò jọ àwọn yòókù. Ọ̀rá ni, kì í ṣe òwú. Dípò àwòrán mọ́sáláṣí, ọfà ló wà lára rẹ̀: ọ̀kan kọjú síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Okùn dúdú kan sì so mọ́ ọn nídìí. Bàbá kì í sá fún ohun tuntun. Ó ti ta ẹní tí wọ́n ran atọ́nà kékeré mọ́ rí, kí ẹni tó wà lẹ́nu ìrìn-àjò lè mọ apá ibi tí Mẹ́kà wà. Ó gbà pé àwọn tó ń ṣe é ti tún tẹ̀ síwájú ni, pé okùn yẹn ni wọn yóò fi máa fa iná sí i. Ó gbé e kọ́ sójú ìsọ̀, ó ń pè é ní ẹní ìgbàlódé. Ìyá kan láti ẹ̀yà Dyula, oníbàárà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ló yí i wò síwá sẹ́yìn, tó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Alájì, nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ni Mẹ́kà?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹní náà dé ilé wa. Bàbá ní ká fi ṣe ohun tó bá wù wá, ká má ṣáà fi bàtà tẹ̀ ẹ́.

Yao ló mọ ohun tó jẹ́. Ọmọ Baoulé ni, ìyá rẹ̀ ń ta attiéké, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá wa, àbúrò ìyá rẹ̀ kan sì ti fi ẹ̀rọ eré àlòkù ránṣẹ́ sí i láti ilẹ̀ Faransé. Ó wo ẹní wa, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní tapis de danse rèé, ẹní ijó. Ó ki okùn rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ, ó wá fi àwo orin kan sí i. Orin bẹ̀rẹ̀, ọfà ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n, a sì ní ká máa fi ẹsẹ̀ dá wọn lóhùn. Èmi dàrú lójú ẹsẹ̀, mo sì wà nínú ìdàrú náà títí wọ́n fi ní kí n kúrò. Sílífà bọ́ bàtà, ó gun ẹní, ó sì dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá àníyàn kó tó kírun. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Mo ti lọ yunifásítì, mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi orúkọ gígùn pe ohun kúkúrú, síbẹ̀ n kò rí orúkọ fún èyí. Ọmọ tí kì í gbé ojú sókè wo àlejò, tí ó ń rìn bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀, bó bá ti dórí ẹní yẹn, ilẹ̀ ni yóò wá máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Lédè Faransé ló fi ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ètè, un, deux, trois, quatre. Bàbá máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó kó tó lọ ṣe àlùwàlá. Ó ní ó jọ bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ po amọ̀ nílé, ó sì máa ń bi í pé ìgbà wo ni ilé náà yóò parí. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Inú yàrá ni, ìṣojú rẹ̀ ló sì ti ń ṣe é.

Ilé eré tó wà ní Biétry lọ́tọ̀. Salle de jeux ni, ibi tí àwọn ọmọ olówó máa ń wá, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà. Yao ló mú wa débẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kúrò ní ilé kéú lọ́sàn-án Sátidé, a óò wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré, láti Adjamé, a óò bọ́ sílẹ̀, a óò tún wọ tásì àjọwọ̀, a óò sì padà délé kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Nílé, wọ́n gbà pé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ni a ti ń ka ìwé. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí Sílífà dé iwájú ẹ̀rọ ńlá yẹn, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, imú wọn kọjú síta, bí wọ́n ti í ṣe lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó sì gòkè. Gbogbo ilé eré rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ sọ fún un pé irin ni, kì í ṣe ẹní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà. Wọ́n sọ ọ́ ní Pieds-nus, Ẹlẹ́sẹ̀-lásán, láti ìgbà náà. Lẹ́yìn Sátidé díẹ̀, ẹ̀rín ti tán, orúkọ nìkan ló kù. Àwọn ọmọ Biétry tó wọ bàtà eléré ìdárayá tó dà bí ọkọ̀ ojú omi sì ń tò lẹ́yìn láti bá Ẹlẹ́sẹ̀-lásán díje. Ráúfù, ọmọ Ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ará wa, wà lára wọn. Kì í pa Sátidé kankan jẹ.

Bàtà tí mò ń sọ yìí, funfun ni, labalábá irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ló rà á fún un fún ọdún Iléyá. Ní Sátidé kan, ó jó tán, ó sọ̀kalẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ilẹ̀ sì ṣófo. A wá a títí. Yao bọ́ sálúbàtà rẹ̀ fún un, òun alára fi ẹsẹ̀ lásán wọ gbaka. Títí a fi dé Adjamé, mo rí i pé Sílífà ń wá irọ́, kò sì rí èyí tó bá a lẹ́sẹ̀ mu.

Kò tilẹ̀ pọn dandan kó wá irọ́ náà. Bàbá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó rí sálúbàtà ọkùnrin lẹ́sẹ̀ ọmọbìnrin rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lu itan. Nínú ayé Bàbá, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń jí bàtà ènìyàn. Ó ní, "Wọ́n tún ti jí i ní mọ́sáláṣí?"

Sílífà kò dáhùn. Bàbá gba ìdákẹ́jẹ́ náà bí ẹni gba ẹ̀rí. Ojú rẹ̀ tàn lọ́nà tí n kò rí rí: ọmọ rẹ̀ lọ kírun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rìn kiri! Ó pè é ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì tó máa ń fi pè é bí inú rẹ̀ bá dùn jọjọ. Ó ní kó má sunkún, èrè rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, òun yóò sì rí sí ọ̀rọ̀ àwọn olè náà.

Ó sì rí sí i lóòótọ́. Gbogbo oníbàárà ló gbọ́ nípa ọmọ tí wọ́n jí bàtà rẹ̀ lórí ìjọsìn. Sílífà kò jẹun dáadáa mọ́. Yao sọ fún un ní nouchi, èdè ìgboro Abidjan, pé, "Gbê est mieux que drap", ìyẹn ni pé òtítọ́ sàn ju ìtìjú lọ, kó yáa lọ sọ fún Bàbá kí ọ̀rọ̀ tó gbèrú. Ó gbìyànjú. Ó mú mi dání, a lọ sí ìsọ̀ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé. A bá Bàbá tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìyá Dyula yẹn, ìyá náà sì fa Sílífà mọ́ra, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń ṣàdúrà fún un. Ṣé a lè la àárín irú àdúrà bẹ́ẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìròyìn ilé eré? A bá Bàbá ká ẹní, a sì padà sílé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá dìde lẹ́yìn ìrun, ó fi ẹnu ara rẹ̀ kéde ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni Ààrẹ ẹgbẹ́ ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí, Monsieur le Président ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀. Kì í rí ìṣòro kó má dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún un. Ó dá Comité de Vigilance sur les Chaussures, ìgbìmọ̀ ìṣọ́ bàtà, sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú alága, igbákejì alága, àti agbẹnusọ, ó sì fi Faransé tó le sọ̀rọ̀ nípa ọ̀làjú àti bàtà, títí àwọn bàbá arúgbó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmín sí i.

Ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Wọ́n béèrè ọjọ́, wọ́n béèrè àkókò, wọ́n béèrè ibi tí bàtà wà. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni Ààrẹ fúnra rẹ̀ ti rántí pé ní Sátidé náà, apá obìnrin ní mọ́sáláṣí wà ní títì láàárọ̀ dalẹ́, nítorí pé òun ló ra ọ̀dà tí wọ́n fi kun ibẹ̀, ó sì ti dúró síbẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i bó ṣe ń bójú tó o. Bí kò bá fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín tó bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi ì bá di agbẹ̀bí.

Wọ́n wá sílé wa lọ́sàn-án Sọ́ńdè, Ààrẹ àti àgbà méjì. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó. Ààrẹ fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ́, ó ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí oyin. Bàbá pe Sílífà. Ó kúnlẹ̀ síwájú wọn. Bàbá bi í pé níbo ni bàtà náà sọnù sí gan-an.

Ó ní, "Biétry ni, Bàbá. Ijó ni mo lọ jó. Mo bọ́ bàtà nítorí pé ẹ̀yin lẹ ní ká máa bọ́ ọ."

Mo rí ojú Bàbá mi. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, pé bó bá jẹ́ pé àwa nìkan la wà nínú yàrá yẹn, ẹ̀rín ni ì bá fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ààrẹ ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí ìlú yìí ń sọ ọmọ dà rèé, ó ní ilé tí kò bá ní ojú lára ọmọ, ìtìjú ni yóò kó, ó ní òun kò lè rò ó láéláé pé ọmọ tòun yóò gbé ẹsẹ̀ lé irú ibẹ̀. Mo wo Sílífà. Orúkọ Ráúfù wà lẹ́nu rẹ̀, mo rí i níbẹ̀ kedere. Ó gbé e mì. Ó tẹ orí ba.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá wa bẹ Bàbá. Ó ní kó jẹ́ kí Sílífà kọ́kọ́ ṣe ìdánwò rẹ̀. Bàbá ní ilé ìwé wà nílé. Ó wá sọ ohun tí n kò lè gbàgbé: "Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo mọ̀, n kò ní rán an lọ. Ẹnu mi ni mo fi kéde rẹ̀ láàárín Mùsùlùmí." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Sílífà, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, lọ di ẹrù rẹ." Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé ó lo oríkì yẹn.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, Bàbá mú páálí kan wá síbùdókọ̀. Bàtà funfun ni, irú rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú labalábá irin. Ó ti wá irú rẹ̀ kiri gbogbo Roxy. Sílífà wọ̀ ọ́, ó dúpẹ́, ó wọ ọkọ̀ tó ń gba Ghana lọ. Ẹní ijó náà wà nílé, ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Nígbà tó yá, Bàbá gbé e lọ sí ìsọ̀, ó ń fi bo ọjà bí òjò bá ń rọ̀. Kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nù.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ fún ọmọ tó jẹ́ pé Faransé ló mọ̀. Ó tijú láti bá àwọn ọmọ kéékèèké jókòó, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mo bẹ̀ ẹ́ wò nígbà kan. Ó ní ọkọ, ó ní ọmọ, ó ní ọmọṣẹ́, ara rẹ̀ dá. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ ọ lábẹ́ ètè: un, deux, trois, quatre. Faransé mìíràn kò kù sí i lẹ́nu. Mo bi í bóyá ó ń bínú sí Bàbá. Ó ní, "Ta ni kí n bínú sí? Olè bàtà?" A jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò bojú wò mí.

Bàbá kò tọrọ àforíjì rí; wọn kò kọ́ ìran rẹ̀ ní èyí. Ṣùgbọ́n títí tó fi kú, bó bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kì í béèrè ọkọ tàbí ọmọ ṣáájú. Ó máa ń ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ńkọ́?" Àwọn ará ilé rò pé àrùn kan ń ṣe é lẹ́sẹ̀. Sílífà a ní, "Wọ́n wà ńbẹ̀, Bàbá." Nígbà tó wá fún fìdáù Bàbá, mo bi í pé níbo ni yóò fẹ́ kí n mú un lọ ní Abidjan. Kò dárúkọ ilé eré. Ẹnu ọ̀nà lycée yẹn ló ní ká gbà kọjá. Àwọn ọmọbìnrin ń jáde, wọ́n ń pariwo. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi tán, ó ní ká máa lọ.

Lónìí, àwọn baba ló ń fi fóònù ya fídíò ọmọ wọn tó ń jó, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dà bí ẹni pé ayé ti là. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé wọ́n ṣì ń rán ọmọ lọ; wọ́n kàn ń pè é ní internat báyìí, ilé ìwé tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ń wọ bàlúù lọ. Ohun tí ènìyàn ti fẹnu kéde fún ẹgbẹ́ ṣì wúwo ju ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Monsieur le Président ti darúgbó, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn ẹgbẹ́.

Ní Biétry lọ́jọ́ tí mò ń sọ, ọmọkùnrin yẹn sọ̀kalẹ̀, Àíṣà sì fà mí láṣọ, ó fẹ́ gbìyànjú. N kò tíì sọ ìtàn yìí fún un rí. Ó dé iwájú ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ba, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, imú wọn kọjú síta. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún un pé kò pọn dandan.

Orin bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ ba, mo ṣa bàtà ọmọ mi nílẹ̀, mo sì gbá wọn mọ́ àyà títí ó fi jó tán.